Bàbá, Ọmọ Mi Ò Bá Mi Tayò Mọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ó rẹ̀ mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báńkì dé láti Sapele Road ni, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọpọ́n ayò yín wà lọ́dọ̀ mi ní Benin níbí. Ìdí rẹ̀ nìkan ni Mojí, ọmọ-ọmọ yín, ti máa ń bá mi sọ Yorùbá. Tí mo bá pè é níbòmíràn nínú ilé, pijin ló fi ń dá mi lóhùn. Àmọ́ nídìí ayò, á máa fi Yorùbá ka ọmọ ayò, á máa fi bú mi pàápàá, inú mi á sì máa dùn.

Ó kàn ṣàdédé pa ayò tì ni. Mo rò pé nítorí mo ń pa á láyò jù ni, torí ayò kì í dùn mọ́ tí ẹnì kan bá ti kó odù, ilé tí ọmọ ayò kún jù, tán, tí èkejì ń wo ilé òfìfo. Mo ní kí ó máa kọ́kọ́ ta. Mo fi ọmọ ayò kún tirẹ̀. Bí mo bá fẹ́ẹ́ pa á, màá yí ọpọ́n po kó lè gba ìhà tèmi. Síbẹ̀, ó kọ̀, ó lóun ò ta mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bi í léèrè. Ó wolẹ̀. "Mummy, na you dey talk say you be my enemy."

Bàbá, "èmi l'ọ̀ta" ni mò ń pariwo, pé èmi ni mo mọ ayò í ta jù, bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí mi tí ẹ ó máa gbọn ọmọ ayò lọ́wọ́. Ọ̀tá lòun ń gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Mo ṣàlàyé fún un, a sì tún jókòó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tú odù mi nígbà tí kò yẹ. Ó pa mí. Ó sáré jáde, ó ń fi Yorùbá ròyìn fún aládùúgbò wa, ará Edo tí kò gbọ́ ẹyọ kan. Èmi sì yára wọ kíṣìnì lọ, torí omi ti kún ojú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa yín láyò. Ẹ dìde kíá, ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ sì pẹ́ níbẹ̀. Mo ti rò látìgbà náà pé inú ló bí yín. Àbí ẹ̀yin náà mọ̀ọ́mọ̀ ni?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó rò pé òun pa yín láyò.