Ẹsẹ̀ Yèyé Ṣì Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

                                                                Yàrá Oúnjẹ,
                                                                Ọgbà Ọ̀bọ,
                                                                Lẹ́yìn Ilé Búrẹ́dì Àtijọ́.
                                                                Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì.

Oníná mi, ọ̀rẹ́ tó ju ìyekan lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọmọ rẹ tí o lọ bá ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ìkókó tí o ní o lọ gbé ńkọ́? Ó yẹ kí ìkókó yẹn ti máa sáré kiri báyìí, àbí ẹ̀yìn rẹ ló ṣì wà? Orúnkún rẹ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo ńkọ́? Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ọmọ títọ́, mo sì kí ọ kú àìkọ̀wé, nítorí gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ, "mo ti rí i" lo fi ń dáhùn lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo tún fi mú bírò. Fóònù ṣeé pa. Lẹ́tà, wàá ṣáà kà á tán kí o tó bínú.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Baálé mi ní kí n kí ọ. Ó ní ilẹ̀kùn onírin ilé ìdáná wa tí o fi iná jó pọ̀ ṣì le ju ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíì lọ. Àwọn ọmọ wa onírù náà ń kí ọ. Ẹdun ti bímọ o! Ìbejì kọ́, má tíì pariwo. Gbogbo ènìyàn ló ń retí ìbejì torí pé ẹdun ni, ó bí ẹyọ kan ṣoṣo, ó funfun bí òwú, ìyá rẹ̀ sì ń wò wá bíi pé ta ló ní kí ẹ máa retí nǹkan. Ìjímèrè tí o sọ ní Ọ̀gá Ọlọ́pàá, ìwà rẹ̀ kò yí padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ Dókítà ẹranko, ó gbé e gun orí igi. Dókítà bẹ̀bẹ̀ títí, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ̀ ọ́, kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìjímèrè tó ní òun ò ní í sá fájá, ojú ajá ni kò tó o. Bó ṣe rí Onídìrí tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kíá ló ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Onídìrí yìí, o ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn rẹ ló dé. Obìnrin tó ń dirun lẹ́bàá títì ni tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé gíga. Mo gbà á pé kó wá máa tọ́jú àwọn ẹranko, nítorí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi látìgbà tí o ti lọ. (Mi ò fi ọ̀rọ̀ gún ọ o. Bó bá sì gún ọ, ó dáa bẹ́ẹ̀.) Tí o bá rí bí àwọn ọ̀bọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀! Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á tú gbogbo irun tó fi ọjọ́ ìsinmi dì, wọ́n á máa wá iná orí tí kò sí níbẹ̀, òun náà á máa yẹ tiwọn wò. Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn jọ ń ṣe.

Ó tó. Ọ̀rọ̀ Yèyé, ìnàkí wa àgbà, ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ilé rẹ̀ ti là. Òjò èṣí ló wọ ìpìlẹ̀ lọ, ògiri là láti òkè délẹ̀, ọwọ́ mi wọ inú ibi tó là náà. Bíríkìlà wò ó, ó mi orí, ó ní ilé náà kò ní lè fara da òjò tó ń bọ̀ yìí. A bá kọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a fi ọ̀nà tóóró onírin so méjèèjì pọ̀. Ilé náà tutù, ó mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀ ju ti yàrá èmi alára lọ. Àléébù kan ló ní. A ní kí akunlé kọ "Ilé Yèyé" sára ògiri, ó lọ fi àmì sábẹ́ lẹ́tà tí kò nílò àmì, ó kọ "Ilé Yẹ̀yẹ́". Àmì kékeré báyìí, Oníná! Gbogbo àlejò ló ń dúró síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá dà bíi pé Yèyé náà mọ̀wé kà, nítorí ó kọ̀ jálẹ̀, kò wọ ilé yẹ̀yẹ́ kankan.

Ó lè máa rìn bọ̀ nínú ọ̀nà onírin náà títí dé ìloro, á yọjú wo inú ilé, á pòṣé, á yí padà sínú ilé tó fẹ́ wó. Dókítà ní òun lè fún un ní abẹ́rẹ́ oorun kí a gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti gbó. Bó bá sùn, ó lè má jí mọ́. Ṣé o rí i? Ògiri lọ́tùn-ún, abẹ́rẹ́ lósì. Àfi kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé kí òjò tó dé. Ẹ̀rù bà mí gan-an, n ò ní purọ́ fún ọ.

Kí ni a ò ṣe? A gbé oyin síbẹ̀, ó na ọwọ́ gbé e láti ìta. A gbé ẹ̀pà síbẹ̀, bákan náà. Mo rò pé bóyá ariwo ilẹ̀kùn tìrẹ ló ń wá, torí ilẹ̀kùn tuntun kì í dún, mo bá da iyẹ̀pẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kó lè máa han bíi tìrẹ. Ó han, etí ló ń dùn wá, kò wọlé. Níkẹyìn ni mo ní kí n fi ara mi hàn án bí ilé náà ṣe dára tó. Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń ṣe "ùhmm, ùhmm" bí ẹni tó dé ọ̀run. Iyẹ̀pẹ̀ tí mo fúnra mi dà sí ilẹ̀kùn ló mú ilẹ̀kùn há. N ò lè jáde! Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ilé ìwé kan dé pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ọmọdé kan tẹjú mọ́ mi láti ẹ̀yìn irin, ó ní, "Tíṣà, irú ọ̀bọ wo ni eléyìí tó wọ gíláàsì?" Olùkọ́ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. Yèyé jókòó sínú ọ̀nà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wò mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìnàkí kì í rẹ́rìn-ín, irọ́ ni.

Mo bi ara mi lọ́jọ́ yẹn pé kí ló gbé mi débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni! Ṣé o rántí? Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó yẹ kó sinmi, ẹnìkan gbé ọ̀bọ aláìsàn sínú páálí sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ìkókó, wọ́n ránṣẹ́ pe àwa méjì. Àwọn ènìyàn máa ń ṣàròyé pé wọ́n fi ọ̀bọ lọ àwọn, àṣamọ̀ lásán ni tiwọn. Ọ̀bọ gidi ni wọ́n fi lọ àwa! Èmi gbé búrẹ́dì wá, ìwọ gbé irin àti iná wá, kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tí ọ̀bọ ilé rẹ̀ ti dàgbà tó ń géni jẹ fi ń fà á wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ará àdúgbò ní obìnrin mẹ́ta tí kò kọ́ṣẹ́ ẹranko, a ò ní lò ju ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ. A lò ó, a sì lo òjò mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n sì ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe Yèyé ní "ìwọ". Wọ́n ní ó ti bímọ, ó ti sìnkú ọmọ, ó ju "ìwọ" lọ.

O sì rántí bí a ṣe ń tilẹ̀kùn. Tí ìrọ̀lẹ́ bá dé, Ẹ̀gbọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Yèyé, wọ́n á ní, "Ó dàárọ̀ o." Èmi á ní, "Kí Ọlọ́run jí wa ire." Ìwọ tí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í gba ẹnu rẹ jáde, wàá fi òòlù kan irin, kò, kò, wàá ní, "Àmín, ẹ lọ sùn!" Yèyé á ká kúbùsù rẹ̀ mọ́ abíyá, á wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Ẹ̀gbọ́n sọ fún wa ní wọ́ọ̀dù nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí a máa lọ. "Ó dàárọ̀ o." Àárọ̀ dé, a ò bá wọn. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n ni àwa méjèèjì ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ní jáde lẹ́nu wa nínú ọgbà yìí mọ́. O kó ẹrù rẹ, o lọ. Láti ìgbà náà, "ó dọ̀la" ni mo ń sọ nírọ̀lẹ́, Yèyé á sì jókòó síta, kò ní wọlé àfi ìgbà tó bá wù ú. Mo ní ogbó ló dé sí i.

Onídìrí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ta ni ì bá sọ fún un? Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó gbàyè láti tètè lọ, torí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní, "Yèyé, mò ń lọ o, ó dàárọ̀ o!" Oòrùn wà láàárín orí, Oníná. Ọ̀sán gangan!

Yèyé dìde. Ó ká kúbùsù mọ́ abíyá, ó gba ọ̀nà onírin náà bọ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, títí ó fi dé ìloro. Ó dúró. Èmi ló ń wò. Dókítà mú mi lọ́wọ́, ó ní kí n má mira. Mo mọ ohun tó ń retí. Omi ti bọ́ lójú mi kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Kí Ọlọ́run jí wa ire." Ó wọlé! Ó tẹ́ kúbùsù, ó dùbúlẹ̀. Onídìrí kò mọ ohun tó ṣe, ó rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, ó ń tọrọ àforíjì bí mo ṣe dì mọ́ ọn. Mo sunkún Ẹ̀gbọ́n lójú oòrùn yẹn débi tó tẹ́ mi lọ́rùn, nǹkan tí n ò lè ṣe lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ìgbà tí Dókítà fẹ́ ti ilẹ̀kùn la rí i. Ẹsẹ̀ òsì Yèyé wà lórí ìloro. Odindi ara wà nínú ilé, ẹsẹ̀ kan wà níta. A dúró títí, kò gbé e. Mo fi ṣíbí kan irin, kò wò mí. Dókítà fi òòlù kàn án, ó ní "Àmín", ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yèyé pòṣé, ó ká kúbùsù rẹ̀, ó padà sínú ilé tó là. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. A ó ní ó dàárọ̀, á wọlé, ẹsẹ̀ á kù síta. Dókítà ní ó lè jẹ́ làkúrègbé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n géètì ló ń wò.

N kò ní kí o wá máa gbé níbí. Mo mọ̀ pé àga Ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́nu géètì ni o ò fẹ́ rí. Ọ̀gá Ọlọ́pàá ti gbà á. Àárọ̀, ọ̀sán, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo àwọn àlejò bí ẹni tó fẹ́ béèrè ìwé ọkọ̀. Wá wò ó kí o má rẹ́rìn-ín, kí n mọ̀ pé o le. Mo ṣàárò rẹ, Oníná. Ilé yìí dákẹ́ jù fún ilé ọ̀bọ.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀, gbá ìkókó mọ́ra fún mi. Sọ fún wọn pé àyálò ni a fẹ́ fi ọ́ ṣe, a ó dá ọ padà fún wọn. Òjò ti ń ṣú níbí láti àná.

Ẹ̀gbọ́n ti sọ tiwọn, èmi náà ti sọ tèmi. Ó dàárọ̀ o. O mọ èsì rẹ̀. Mú òòlù rẹ dání.

Èmi ni, tìrẹ náà ṣì ni,
Ìyá Búrẹ́dì