Ìka Mẹ́rin Òró, Ìka Méjì Ìbú

Bàbá mi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀,

Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà fún yín, bí ẹ ṣe kọ́ mi pé kí n máa ka nǹkan kí n tó fọwọ́ kàn án. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí tábìlì gígùn inú ámọ́rì níbi tí a ń kó ìbọn sí: tapólì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pá ìbọn, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ìdí ìbọn, igi rẹ̀ ti họ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Sípíríìngì gígùn. Ọ̀pá kékeré tí èéfín ẹ̀tù máa ń tì sẹ́yìn, àti páìpù tí ọ̀pá náà ń gbé inú rẹ̀. Ìdímú tí wọ́n fi ń gbé ìbọn, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára rẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kọ́ọ̀bù tíì Sájẹ́ńtì Bala, tí kò tíì fẹnu kàn. Èèrà mẹ́ta létí kọ́ọ̀bù náà. Àti àkísà kan tó ti jó dúdú, àfi igun kan ṣoṣo tó ṣì jẹ́ búlúù.

Búlúù yunifọ́ọ̀mù mi ni, Bàbá. Ti sẹ́kọ́ńdírì.

Ẹ mọ ìbọn náà. Ìbọn ńlá tó ń yìn láìdánu dúró ni, tí gbogbo bárékè ń pè ní jì-pí, tí Màmá sì ń pè ní ìyálé òun, nítorí ó ní ẹ kò wẹ ọmọ kankan rí nínú ilé bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tó ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì sọ fún yín. Ibi tí ẹ máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé náà ni mò ń jókòó sí.

Àkísà tí wọ́n máa ń gé wá fún wa tán láti oṣù tó kọjá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní jì-pí máa jáde lọ sínú igbó ní ìdájí ọjọ́ kejì, nítorí àwọn agbébọn tó ń kó àwọn ará abúlé lọ. Mo yọ yunifọ́ọ̀mù mi láti ìsàlẹ̀ àpótí. Mo gé e bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Ṣé ẹ rántí? Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ẹ ó jókòó sórí ẹní, ẹ ó na aṣọ tó ti gbó sí mi pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì. Ìka mẹ́rin òró, ìka méjì ìbú. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Mo máa ń tẹ́ ọwọ́ mi pẹlẹbẹ lórí aṣọ náà, màá fi ahọ́n há eyín, màá gé e. Tí mo bá gbé wọn fún yín, ẹ ó kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ẹ ó kó wọn sápò àyà yín, ẹ ó ní iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe yẹn. Ẹ ó sì fún mi ní súìtì alátalẹ̀. Mo rò pé ìbọn ìjọba kò lè dún láìsí mi.

Méjìlá ni mo gé ní Ọjọ́bọ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ mi lé aṣọ, mo gé e. Ọ̀pá ìbọn mọ́, mo nù ún títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Ó wá ku páìpù èéfín. Àkísà náà ń yí gbẹrẹgẹdẹ nínú rẹ̀, kò kan ara páìpù. Mo pa méjì pọ̀ kó lè kún un. Ó kún un. Mo fà á jáde, mo sì ka èyí tó jáde sí méjì, nítorí pé méjì ni mo fi sí i. Mi ò tú u wò. Méjìlá wọlé, méjìlá jáde. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i.

Kọ́púrà Sule ló wá gbà á. Òun ló ń gbé jì-pí. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn yín ló dé. Sule gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, àdúgbò Keteren Gwari ló dàgbà sí láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti wẹ ìyàwó bàbá ẹ tán?"

"Mo ti wẹ̀ ẹ́."

"O fi ìpara pa á lára?"

"Òróró díẹ̀ ni. Ọyẹ́ ti dé, tí òróró bá pọ̀ eruku á lẹ̀ mọ́ ọn."

"Kai! Bí àgbàlagbà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó tuntun ni mo ń gbé lọ yìí o, ó gbọ́dọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Kò bá a sọ̀rọ̀. Ó yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Sule fà á, ó yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún dákẹ́. Ibi tó ti ń fà á lẹ́ẹ̀kejì ni ọta ti bà á léjìká. Àwọn tó kù ló fà á sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kú, àlùhámùdùlílááhì. Ọjọ́ Àìkú ni ìròyìn dé bá wa. Òní ni Ìṣẹ́gun. Mi ò tíì sùn láti ìgbà náà, àwọn obìnrin tí a jọ ń fa omi sì ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní bárékè pé Sule ló bẹ̀rù tí kò mọ ìbọn í fà mọ́. Àwọn kan ní èmi ni.

Láàárọ̀ yìí, èmi àti Sájẹ́ńtì Bala nìkan la wà nínú ámọ́rì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́, Nupe Bida yẹn, tó ti hewú báyìí. Hausa ló ń bá mi sọ bó ṣe máa ń bá ẹ̀yin náà sọ ọ́, Auta ló sì ń pè mí láti kékeré torí pé èmi ni àbíkẹ́yìn yín. Ó tú ìbọn náà níwájú mi, ó ti wáyà bọ inú páìpù, ó fà á. Àkísà náà jáde.

"Auta, ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni, sà."

"Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

Mo na ọwọ́ mi. "Ìka mẹ́rin."

Ó wo ọwọ́ mi títí. "Subhanallahi," ló sọ. Ó dìde, ó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan wá, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà. Ó dà á sórí tapólì.

Àwọn àkísà mi ni. Gbogbo wọn, Bàbá.

"Bàbá ẹ kò lo ọ̀kan rí," ló wí. "Á kó wọn dé, á máa fi hàn wá níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ mi! Ẹ wo etí rẹ̀! Á wá kó wọn sínú agolo yìí, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òmíràn. Wallahi, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wá."

Ó rò pé inú mi máa dùn.

Mo tò wọ́n. Aǹkárá Màmá olódòdó wà níbẹ̀, kọ́tìnì ilé wa àtijọ́ wà níbẹ̀, àti aṣọ Iléyá tí mo wọ̀ ní pírámárì mẹ́ta. Láti kékeré dé ńlá, mo rí ọwọ́ mi tó ń dàgbà lórí tapólì, ọdún méje, ọdún mẹ́jọ, títí tó fi dé mẹ́tàlá, nígbà tí mo ní mo ti dàgbà jù fún iṣẹ́ àkísà. Mo gbé èyí tó jóná lé èyí tó tóbi jù nínú wọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé ojú á tì mí ni? Ojú ì bá tì mí lóòótọ́, màá sunkún, Màmá á sì bá yín jà, ilẹ̀ á sì mọ́. Ọjọ́ tí mo pè yín láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ ológun, tí mo ní iṣẹ́ yín ni wọ́n fi mí sí, ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà yín lẹ́nu. Kí ni ì bá ná yín láti sọ lọ́jọ́ náà pé, ọmọ mi, àkísà yẹn kéré o, ìka tèmi ni mo ní lọ́kàn? Àbí ẹ ń dúró dè mí kí n dé ilé, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ mi? Nígbà tí wọ́n fi máa fún mi láyè, ọjọ́ kẹta ìsìnkú yín ni. Àwọn ọkùnrin ló wẹ̀ yín. Ká ní mo wà nílé pàápàá, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé. Ẹni tó wẹ̀ yín, ṣé ó nu àárín ìka yín dáadáa? Ibẹ̀ ni òróró ìbọn máa ń sá pamọ́ sí.

Sájẹ́ńtì Bala kó àwọn àkísà náà padà sínú agolo. Ó mú èyí tó jóná, ó jù ú sáàárín wọn, ó dé e pa.

"Ba komai, kò sí wàhálà. Sípíríìngì ló dẹ̀, ohun tí màá kọ nìyẹn. Nínú èyí, ta ló máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?"

"Sule ńkọ́, sà? Wọ́n ń pè é ní ojo."

"Sule á gbàgbé. Èmi jẹun nínú àwo bàbá ẹ, Auta. Ki yi shiru, dákẹ́ ni tìẹ."

Ọ̀gá wa ń bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo wo agolo náà. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀, irú èyí tí ẹ fi kó iṣẹ́ ọwọ́ mi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Òun náà ló bá Sule dé inú igbó. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ṣí agolo, mo yọ èyí tó jóná jáde, mo gbé e sójú ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i. Sájẹ́ńtì Bala kò wo ojú mi mọ́. Ó mu tíì rẹ̀ tòun ti èèrà.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ohùn mi kéré, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn kankan títí wọn yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n lè lé mi. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ìdí rẹ̀ ṣì gbóná láti inú àpò mi.

Kí n tó wá sílé mo gba ọsibítù lọ. Sule wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, báńdéèjì dé ọrùn. Mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀, òró àti ìbú. Ó kọjú sí ògiri.

"Mo bú bàbá ẹ nínú igbó yẹn," ló wí. "Wọ́n ní ìbọn rẹ̀ ni. Mo bú ìbọn, mo bú ẹni tó rọ ọ́, mo wá bú bàbá ẹ dé ìdílé. Òkú ọ̀run ni mo bú! Lọ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Tìẹ, màá rò ó. Kúrò níbẹ̀, o ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ mi."

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí gan-an nìyẹn. Kọ́púrà Sule ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi dé ilé wa ní Maitumbi. Kò sẹ́ni nílé, Màmá wà ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì níbi tí ẹ ti fọwọ́ ọ̀tún tẹ sìmẹ́ǹtì tútù lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín yọ̀. Màmá kígbe, ẹ ní ẹ ó pe bíríkìlà padà wá dí i. Ẹ kò pè é. Tí òjò bá rọ̀, adìyẹ ló ń mu omi nínú ìka yín. Eruku ọyẹ́ ló kún un báyìí. Mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo fi igi ìgbálẹ̀ gbọ́n àárín ìka kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ́. Mo gbé ọwọ́ mi sínú rẹ̀. Àyè ṣẹ́ kù yí ká.

Mo tẹ́ ohun tó ṣẹ́ kù nínú yunifọ́ọ̀mù mi lé e lórí, mo gé e. Ìka yín mẹ́rin òró, ìka yín méjì ìbú. Méjìlá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tú wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Lọ́la, màá kó wọn fún Sájẹ́ńtì Bala, bó bá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Bí èmi kò bá padà síbẹ̀ mọ́, ìbọn náà á ṣì nílò wọn.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Mi ò kà á mọ́ wọn. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló máa wà.

Èmi ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kún ọwọ́ yín.

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Wọn ò tíì pe ìrun Alaásárì. Mo ti dùbúlẹ̀.