Ìyá Alábẹ́là Ẹ̀bá Afárá

Bọ̀wálé ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù Manchester o, ìwọ àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Cheetham Hill. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ wọ̀ ọ́ léegun. Ara mi le, òrùlé tí o ní kí a tún ṣe kò jò mọ́, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, inú mi sì dùn sí ọ gidigidi.

Mobọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ wá láti Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì fi fídíò tí o máa ń ṣe tí o bá ti ilé ìkẹ́rùsí Trafford Park dé hàn mí lórí fóònù. O ní ẹgbẹ́ olè kan wà nílùú kan báyìí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, ẹnikẹ́ni ò mọ olórí wọn, àmọ́ ìwọ ti mọ̀ ọ́n. O ní ìyá àgbà tó ń ta àbẹ́là lẹ́bàá afárá ni. Ẹ̀rù bà mí pé àwọn olè á wá ọ wá, ni mo bá sáré lọ bá Ìyá Ìfẹ́, olórí àwọn aládùúrà wa, a sì gbààwẹ̀ kí ọwọ́ ọlọ́pàá tètè tẹ ìyá náà. Mi ò mọ orúkọ ìlú ọ̀hún, mo ní kí wọ́n ṣáà máa pe Bolton, torí ó sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ.

Nígbà tí a ṣínu tán, mo tún fídíò náà wò dáadáa. Mo rí ọ nínú ẹ̀wù dúdú oníborí, o ti rù díẹ̀, o há ọ̀bẹ mọ́ ìbàdí, èyí tí ẹ fi ń ya páálí níbi iṣẹ́ ni mo pè é. O sì rìn kọjá níwájú ìyá àgbà yẹn láìkí i. O ò dọ̀bálẹ̀, o ò tilẹ̀ tẹrí ba. Ojú tì mí, Bọ̀wálé.

Mobọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó ní eré orí kọ̀ǹpútà ni, pé àwòrán tí ò ń darí ni mo rí, kì í ṣe ìwọ gan-an, pé kò sí ìlú bẹ́ẹ̀ níbì kankan, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá ọ jiyàn pé alágbẹ̀dẹ ni olórí olè, àwọn mìíràn ní àlùfáà ni. Mo ní bí kò bá sí ìlú, ibo ni òjò tí mo rí nínú fídíò yẹn ti ń rọ̀? Irú eré wo sì ni kéèyàn máa pe àgbàlagbà lólè?

Ẹ̀rí tí o mú wá nípa ìyá náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní òjò ń rọ̀, kò kúrò nídìí ọjà rẹ̀. O ní ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń kọjá. O ní ilẹ̀ á ṣú, kò ní lọ sílé. Ta ló jókòó nídìí ọsàn ní oríta wa láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú títí o fi wọ bàálù? Ṣé èmi náà ń kó olè jọ ni? Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ.

A ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ti yí àdúrà yẹn padà. A ní kí ọjà rẹ̀ máa tà.

Jọ̀wọ́ tètè fi owó oṣù yìí ránṣẹ́, ewúrẹ́ wa, ìyá ìbejì, ń fẹ́ oúnjẹ, èmi náà ń fẹ́ dátà kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ. Ṣùgbọ́n yọ díẹ̀ nínú tèmi, kí o padà lọ sí ẹ̀bá afárá yẹn. Kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé ẹ kú ọjà o, Màmá, kí o tó ra àbẹ́là lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó rán ọ, sọ pé ìyá kan tí òjò ti pa rí ni.

Wà á dàgbà, wà á darúgbó, ibikíbi tí o bá sì jókòó sí, ọmọ ọlọ́mọ ò ní kọjá láìkí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ọlọ́sàn