Igba Ebè, Sàréè Kan

Ilé Ràhámọ̀tù Ṣítù,
Ẹ̀yìn Ọjà Wadata,
Niamey.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 1962.

Alága àti Ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ Àwọn Ọmọ Yorùbá,
Maourey,
Niamey.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ WỌ́N MÁ GBẸ́ ÌPÌLẸ̀ ILÉ SÓRÍ SÀRÉÈ BÀBÁ MI NÍ WANGARI GUNGU LỌ́JỌ́ AJÉ

1. Èmi ni Àbdùlsàlàm, ọmọ Ṣítù àgbẹ̀, tó wá láti abúlé kan lẹ́bàá Ìlọrin. Ọjọ́ orí mi ń lọ sí àádọ́rin ọdún. N kò kàwé, oko ni mo ro dàgbà. Jacob Oyètúndé, télọ̀ ní Wadata, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kí ó kọ ohun tí mo bá sọ, kí ó má fi iyọ̀ sí i, kí ó má sì yọ èyí tó bá ń tì mí lójú kúrò. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń tì mí lójú gan-an.

2. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìsinmi àwọn àlejò ní Wangari Gungu, erékùṣù kékeré inú odò tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Erékùṣù Àwọn Jagunjagun. Wọ́n ti kan èèkàn, wọ́n sì ti ta okùn. Abẹ́ okùn yẹn ni bàbá mi sùn sí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

3. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀ ni mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ láti ṣe àdúà fún un. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, nítorí apá Tillabéri lókè odò ni mo ti ń dáko títí di ọdún tó kọjá. Ní èbúté erékùṣù náà ni mo ti bá Boubacar, ọmọ Zarma onílẹ̀ kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà fún àwọn tó wá wòran. Orúnkún mi kò gba ìrìn mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì gba kẹ̀kẹ́. Mo háyà ọ̀kan. Níbi tí a ti ń fi àdá lànà nígbà èwe mi, ọ̀nà tó dán ti yí i ká báyìí, òkúta tí wọ́n kùn ní ẹfun sì wà létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

4. Boubacar gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó sì ń fi èdè Hausa sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra o, àwọn akọni ló sùn síbí. Igba ni wọ́n. Kò dín kan, kò lé kan. Wọ́n kú tán níbi tí wọ́n dúró sí, kò sí ẹni tó sá nínú wọn.” Ó nawọ́ sí òkìtì tó ṣáájú, ó ní, “Olórí wọn rèé, Ẹlẹ́ṣin Dúdú.” Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo kàn ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Èmi ni mo sọ òkìtì yẹn ní Ẹlẹ́ṣin Dúdú.

5. Nígbà tí a dé ìdí igi àjàgbọn, mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi dúró síbi tí Boubacar ń kó àwọn tirẹ̀ jọ sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọlọ. Ìlàjì ọlọ ìyá mi tó fọ́ ni a fi ṣe àmì sórí sàréè náà. Mo wá a títí. Ìdí pátákó tí wọ́n kọ ìtàn àwọn akọni náà sí ni mo ti rí i, wọ́n ti kùn ún ní ẹfun, wọ́n fi há ẹsẹ̀ pátákó náà kí ó má baà ṣubú. Ni mo bá padà sídìí àjàgbọn, mo ka ìṣísẹ̀ méjìlá sí ìhà gábàsì, níbi tí oòrùn ti ń yọ, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ìṣísẹ̀ kejìlá gbé mi dé iwájú kẹ̀kẹ́ mi. Àyà bàbá mi ni mo gbé e lé. Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà mìíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tèmi.

6. Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Gbogbo ará ilé wa tó wá sí ìlú yìí nígbà náà, bí wọn kò bá ta aṣọ, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Bàbá mi ní òun kò mọ̀ ju ọkọ́ lọ, iṣu lòun yóò sì gbìn. Àwọn Zarma rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣítù, ọkà ni ilẹ̀ yìí ń gbà, kì í gba iṣu.” Ó wọ erékùṣù yẹn lọ, ó kọ igba ebè lórí ilẹ̀ amọ̀ dúdú, ó sì kọ wọ́n tóbi kí omi odò má baà dé ìdí iṣu. Lọ́dún kìíní, iṣu rà. Lọ́dún kejì, èyí tó ta kò ju ìka ọwọ́ lọ. Lọ́dún kẹta, ó ní òun ti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ọdún yẹn ni odò kún ju ti gbogbo ọdún lọ, ibà sì gbé e dè. Ó kú kí omi tó fà. Àwọn apẹja gbà láti gbé aṣọ òkú wá fún wa, wọn kò gbà láti gbé òkú lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá yín, ẹ̀yin Alága, ni aṣọ funfun yẹn ti wá, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Èmi, Mọ́rìlíátù ìyá mi àti apẹja méjì la sin ín sí orí oko, níbi tó máa ń jókòó sí bó bá rẹ̀ ẹ́. A tẹ́ ẹ sí gábàsì, a tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹ̀sìn ṣe wí, a sì gbé ìlàjì ọlọ lé e lórí.

7. Èyí tó ń tì mí lójú nìyí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí omi fà, àwọn darandaran kó màlúù wọ erékùṣù. Màlúù tẹ sàréè náà, wọ́n ti ọlọ náà ṣubú. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ Ọlọ́run ni, pé màlúù kò mọ sàréè. Mo wá rò ó pé ta ni yóò bẹ̀rù sàréè àgbẹ̀ kan? Ni mo bá purọ́. Mo ní jagunjagun kan wà lábẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń wò yẹn, pé ogun ayé àtijọ́ ló pa wọ́n, àti pé màlúù tó bá rìn láàárín wọn kò ní bímọ mọ́. Wọ́n wo òkìtì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì da màlúù wọn lọ. Inú mi dùn. Lọ́dọọdún tí mo bá lọ, mo máa ń fi díẹ̀ kún un fún àwọn apẹja. Mo sọ òkìtì mẹ́rin lórúkọ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀, òun ló jẹ́ kí ebè bàbá mi wà lóòró títí dòní, tí oòrùn fi sè wọ́n le bí bíríkì. Irọ́ mi ló dáàbò bo sàréè náà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Òun náà ló fẹ́ hú u báyìí.

8. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó erékùṣù náà. Lẹ́ẹ̀kíní, mo jókòó láti àárọ̀ títí di àlàásàrì kí wọ́n tó pè mí. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Akọ̀wé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá lè purọ́ fún àwọn darandaran nígbà yẹn, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àwa lẹ ń purọ́ fún lónìí?” Òótọ́ ló sọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé ìlàjì ọlọ tó kù dání. Ó wà lọ́dọ̀ Ràhámọ̀tù àbúrò mi, ó ṣì ń fi lọ ata títí di òní. Mo ní kí wọ́n fi í wé èyí tó wà ní ìdí pátákó. Akọ̀wé náà ní kí n gbé òkúta mi kúrò lórí ìwé òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú ebè kan ṣoṣo wò, pé bí wọ́n bá bá egungun ẹyọ kan níbẹ̀, kí wọ́n tì mí mọ́lé. Ìgbà yẹn ni wọ́n bínú. Wọ́n ní èmi àlejò, mo fẹ́ hú àwọn akọni onílé, àti pé bí mo bá tún padà wá, ọlọ́pàá ni yóò dá mi lóhùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Ibi tí kò sí ènìyàn, ẹnì kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ibi tí ènìyàn wà ni wọn yóò gbẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

9. Boubacar nìkan ló ṣe ohun kan fún mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá, n ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ní gbé kẹ̀kẹ́ lé bàbá ẹnikẹ́ni láyà. Kìkì pé kí ẹ má sọ fún àwọn àlejò mi o, pé oko iṣu ni mò ń fi hàn wọ́n.” Kò lágbára lórí èèkàn àti okùn.

10. Ẹ̀yin Alága, ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí erékùṣù yẹn. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú pátákó ní oṣù Kẹjọ tó kọjá. N kò bá yín wí. Ìlú yìí ni wọ́n bí yín sí, aṣọ sì ni òwò yín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹ̀yin nìkan ni ọmọ ìran tí ń kọ ebè. Wọ́n kọ igba sára pátákó. Ogun wo ló ń pa igba ènìyàn géérégé? Ẹ bi àgbà èyíkéyìí tó ti ilé wá bí àgbẹ̀ ṣe ń ka ebè rẹ̀: igba, igba ni. Ọ̀wọ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ogún ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni ta òwú, àyè tó wà láàárín wọn sì tó kí ọkùnrin kan yí ọkọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n rí roboto. Ta ló ń sin ènìyàn ní roboto bí ẹni bo ìkòkò mọ́lẹ̀?

11. N kò ní kí wọ́n yọ pátákó. Àwọn obìnrin ti ń lọ ṣe àdúà níbẹ̀, Ọlọ́run tó ń gbọ́ wọn mọ ohun tó wà nínú ebè. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dúró lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí n sọ pé mo purọ́, mà á sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dákẹ́, mà á dákẹ́. Ohun tí mo ń tọrọ ni kí wọ́n sún èèkàn náà ní ogún ìṣísẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn àjàgbọn, níbi tí ilẹ̀ wà lásán. Nítorí mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọkọ́ wọn bá kan egungun lọ́jọ́ Ajé. Wọn kò ní sọ pé Ṣítù nìyí. Wọn yóò ní akọni kọkànlénígba ni, wọn yóò kó o lọ sábẹ́ òkìtì kan, bàbá mi yóò sì máa jẹ́ orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi hùmọ̀. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ẹ̀san mi.

12. Mo ti bá Boubacar sọ ọ́, ó ti ya kẹ̀kẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àsùbá. Ọ̀kan ni tèmi. Èkejì ni èyí tí ìjókòó rẹ̀ ṣì tuntun, ẹ̀yin ni mo yàn án fún. N kò ní sọ̀rọ̀ kankan lọ́nà. Ẹ̀yin ni ẹ ó ṣáájú. Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ gba àárín ọ̀wọ́ mẹ́wàá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹ bojú wẹ̀yìn, tí ẹ sì sọ fún mi pé sàréè lẹ rí, mà á gbà, mà á sì padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá wá, ìṣísẹ̀ kejìlá láti ìdí àjàgbọn ni wọn yóò ti bá mi lọ́jọ́ Ajé, mà á ti dùbúlẹ̀, mà á kọjú sí gábàsì.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi dópin.

Èmi ni tiyín nínú ìdààmú,

(Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́)
Àbdùlsàlàm Ṣítù,
Àgbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀.

Jacob Oyètúndé ló kọ ọ́. Mo kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò ní kí n yọ ohunkóhun.