Ìwé Ìsìnkú MaTshezi àti Ọ̀rọ̀ Oṣù Mẹ́fà

Phumeza, ọmọ ọmọ mi,

Èmi ìyá àgbà rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Tíṣà Mzukisi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo kí ọ, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, nítorí àwọn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tí o ń ṣe. Kí Ọlọ́run àti àwọn ará ilé wa tó ti lọ máa rìn níwájú rẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ní ìlú Monti níbẹ̀, kí ajá má bù ọ́ jẹ, kí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ọ jẹ́ ẹni tó ti jẹun. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí, òun ni mo fi ń rìn. Àgbàdo ti gbó, ọ̀bọ ti jẹ ìdámẹ́ta. Ewúrẹ́ funfun bí méjì, ọ̀kan kú. Ìròyìn ilé nìyẹn, ó tán.

O ní kí n máa fi fóònù Tíṣà pè ọ́. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin kan ló sì ń gbé e, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo bi í léèrè pé níbo lo wá lọ, kò dá mi lóhùn. Tíṣà ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ tó mọ̀ pé o kò sí nítòsí, ó yẹ kó mọ ibi tí o wà. Nítorí náà ni mo ṣe ní kó mú bébà wá, torí pé ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ yìí, n kò fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin yẹn.

Láti ọjọ́ tí o ti ròyìn bí wọ́n ṣe gbà ọ́ síṣẹ́ adójútòfò yìí ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O ní ogójì èèyàn ni wọ́n pè sínú gbọ̀ngàn kan láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti gba gbogbo ogójì. Mo ti ra màlúù rí. Ẹni tó bá ń ra gbogbo màlúù ọjà láì wo eyín ọ̀kan, kì í ṣe pé ó fẹ́ sìn wọ́n. O ní wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí tí mo ta àgùntàn mẹ́rin kí o tó gbà á. Wọ́n kàn fún ọ ní bébà kan pé kí o kọ orúkọ àádọ́ta èèyàn tí kò ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, ìwọ sì fi orúkọ mi ṣáájú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó tọ́ ọ ni, kí àwọn àgbà ilé iṣẹ́ náà lè wá kí mi, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Mo pọn ọtí ọkà, mo gbálẹ̀ àgbàlá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹnì kankan kò wá. Àwọn aládùúgbò ló mu ọtí náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni o tó sọ fún mi pé iṣẹ́ náà kò lówó oṣù, pé làádà ni, pé àfi bí ẹnì kan bá tẹ̀ka síwèé kí o tó jẹun. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àádọ́ta orúkọ náà ṣe.

Nígbà tí o wálé ní Kérésìmesì pẹ̀lú báàgì tó kún fún fọ́ọ̀mù àti àwòrán ara rẹ tí o so mọ́ ọrùn, obìnrin mọ́kànlá ló tẹ̀ka fún ọ. Èmi ni àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù náà bi mí pé ta ni ikú mi yóò ṣe láǹfààní. Mo ní kò sí. Ó dùn mí pé wọ́n lè bi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o sì kọ orúkọ ara rẹ síbẹ̀, n kò tíì gbàgbé. Ẹnì kejì ni MaTshezi tó múlé tì wá. O rántí bó ṣe di ìwé tirẹ̀ mú, èyí tí wọ́n ya àgọ́ funfun àti pósí tó ń dán sí. Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ ìsìnkú abúlé tí Nokwindla ń darí, torí pé apá rẹ̀ kò ká owó méjì lóṣù.

MaTshezi kú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ìyẹn. Àyà ló mú un, ọjọ́ mẹ́ta péré. Gcinumzi ọmọ rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ yín. Ohùn kan kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Inú wa dùn, a ní bí wọ́n bá ti gbà á sílẹ̀, wọn kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá tún bọ́ sórí fóònù ló ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìgbà márùn-ún ló sì rò ó látìbẹ̀rẹ̀ pé ìyá òun kú. Ẹni ìkẹyìn ní ẹni tí àìsàn bá pa gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà lórí ìwé, MaTshezi sì lo mẹ́rin. Ó ní ká ní mọ́tò ló pa á ni, wọn ì bá sanwó. Nokwindla wà níbẹ̀. Ó ní ṣé kí a wá gbé e lọ tẹ́ sójú títì ni.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àwọn ẹgbẹ́ Nokwindla kò yọjú. Wọ́n ní kí ẹbí rẹ̀ lọ bá àwọn alágọ̀ọ́ funfun. Ní ọjọ́ kẹta Nokwindla fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò wá, ó ní a kì í ní kí òkú lọ dúró ná. Pákó ni Gcinumzi fi kan pósí. Àgùntàn ni wọ́n pa, Phumeza. Obìnrin tó ti bá gbogbo abúlé yìí se ẹ̀gbo òkú, wọn kò rí màlúù fi sìn ín, àgùntàn ni.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Wọ́n ní o fi òkú MaTshezi ra bàtà. Wọ́n ní ọmọ tí a jọ tọ́ ló padà wá kó wa sínú báàgì. Ohun tí Gcinumzi ṣe sì burú ju ọ̀rọ̀ lọ. O mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni a ń fọ ṣọ́bìrì tí a fi gbẹ́ sàréè, tí a ń fún àwọn tó gbẹ́ ẹ lọ́tí, tí ẹni tó bá ní ẹ̀hónú sì ń sọ ọ́ jáde kí ọ̀rọ̀ òkú náà tó parí. Ó ní òun kò ní fọ̀ ọ́ àfi bí o bá dé. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin báyìí. Ṣọ́bìrì mẹ́fà fara ti ọgbà màlúù rẹ̀, erùpẹ̀ sàréè ti gbẹ mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé láìfọ̀. Àwọn tó ni wọ́n wá ń fi igi wa ànàmọ́, wọ́n ń dárúkọ rẹ bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pe Tíṣà nìyí, mo sì ti ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí a wà ní ilé MaTshezi, o ṣí ìwé náà dé ojú kẹta. O sọ fún un pé, Màmá, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ kú kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ibẹ̀ lo dé tí mo fi lù ọ́ ní orúnkún. Mo ní ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kí o wọlé onílé nígbà Kérésìmesì, kí o jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kí o máa bá a ka oṣù tí yóò kú. Mo ní kí o pa ìwé dé kí o mu tíì rẹ. MaTshezi rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ ìyá àgbà pè mí, ó ní, Makhulu, ẹ fọmọ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mo ní kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. O wò mí, o pa á dé, MaTshezi sì tẹ̀ka.

Mo ti mọ èyí láti ọjọ́ tó ti kú. Nígbà tí wọ́n ń bú ọ ní ilé Nokwindla mo jókòó síbẹ̀, ife ọtí wọn wà lọ́wọ́ mi, n kò sì la ẹnu. Mo ní o wà ní Monti, èébú kò lè rìn dé ibẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn gbé.

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀ níbí. Ó ní, Makhulu, ẹ jẹ́ ká rọra gbé e kalẹ̀. Mo ní n kò pè é wá fi iyọ̀ sí i. Ó wá bi mí pé ṣé ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

Ìwọ náà jẹ̀bi, má rò pé mo ti gbé gbogbo rẹ̀ rù. Èmi kò mọ̀wé, ìwọ mọ̀wé. Bí mo tilẹ̀ lù ọ́ lórúnkún, ilé MaTshezi kò ju ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ sí ilé mi, ọjọ́ mẹ́jọ lo sì tún lò nílé lẹ́yìn rẹ̀. O lè padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìmú mi dání. O kò lọ, torí pé ìka mọ́kànlá lo ń wá kí ọdún tó yí. Ìyẹn ni ìwọ yóò fẹnu ara rẹ sọ. N kò lè bá ọ sọ ọ́.

Wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí. Má kọ́kọ́ yà sílé mi, ilé Gcinumzi ni kí o gbà lọ tààrà, èmi yóò ti wà níbẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde, n ó sọ tèmi, ìwọ yóò sì sọ tìrẹ. Má ṣàlàyé òfin ilé iṣẹ́ yín, kò sẹ́ni tó bi ọ́. Bí wọ́n bá bú wa, kí o jókòó kí wọ́n bú wa tán. Bí o kò bá sì wá, n ó sọ tèmi náà, ṣùgbọ́n Gcinumzi kò ní bomi sí ṣọ́bìrì torí tèmi nìkan, n kò sì dá a lẹ́bi.

Má fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́. Ti oṣù kejì, nọ́ńbà ni wọ́n ní ó jẹ́, mo ní kí Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi pamọ́ sínú agolo kí n lè ná an nígbà òtútù. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, pé ó ti kú. Owó tó ń kú kì í ṣe owó. Fi ọwọ́ rẹ mú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ráǹdì wá, àti ṣúgà báàgì méjì, àti ọkà tí a ó fi pọn ọtí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Mú tábà wá fún mi. Kí o sì bá mi tún ìwé tèmi ṣe, níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá mò ń fa tábà, Tíṣà ní rárá lo kọ síbẹ̀. Kí a tó bí ìyá rẹ ni mo ti ń fà á. N kò fẹ́ kí wọ́n rí ìkòkò tábà lẹ́nu mi nínú pósí kí wọ́n wá pè ọ́ ní òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Ọlọ́run gbé ọ dé láyọ̀, kí àwọn bàbá wa gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nígbà tí o bá dìde láàrin èèyàn. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti MaTshezi tẹ̀ka. Tèmi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó pé oṣù mẹ́fà, ara mi sì le, nítorí náà má sọ pé èébú lè pa mí kó tó pé, kí o fi mí ṣe àwáwí láti dúró di ìgbà yẹn.

Èmi ìyá àgbà rẹ ni. Àtàǹpàkò mi nìyí, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́.