Píìnì Tí Mo Fi Sápò

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ọgbà Desert Wren,
Yuma, Arizona.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Marjean,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Orúnkún ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn láìlo ọ̀pá, àbí ó ṣì ń bá dókítà jiyàn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ajá yín tó ti dàgbà yẹn ṣì ń gbó ẹni tó ń mú lẹ́tà wá? Mo gbọ́ pé yìnyín ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Níbí, oòrùn ti ń ta gan-an, àwọn èèyàn sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí àríwá. Ní tèmi, ara mi le. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti kọ̀wé ṣì, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ girama náà ni mo kà mọ, ẹ̀yin lẹ sì máa ń bá mi tún ìwé mi ṣe nígbà náà.

Ilé onítáyà mi tí mo ń fi ọkọ̀ fà káàkiri wà dáadáa. Mo gun òrùlé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí oòrùn ti là kúrò níbi tí àwọn páànù ti pàdé, mo sì fi tuntun dí i, torí omi díẹ̀ tó bá ráyè wọ ibẹ̀, pákó inú ògiri á ti jẹrà kí èèyàn tó fura. Mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo fọ bíárìn wọn, mo rọ gírísì tuntun sí wọn. Mo ju táyà kan nù tí ojú rẹ̀ ṣì dà bíi tuntun, nítorí ó ti pé ọdún méje. Jíjókòó sójú kan lábẹ́ oòrùn ló ń pa táyà àwọn ilé wa wọ̀nyí ju ìrìn lọ. Ẹ ó máa rò pé kí ni mo ń ro gbogbo èyí fún yín sí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé mo mọ iṣẹ́ yìí. N kò lè sọ pé àìmọ̀ ló fa ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín.

Bàbá kan wà ní ojúlé tó kọjú sí tèmi, Verlin Haugen lorúkọ wọn, ará North Dakota, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú ni wọ́n ti ń dá fa ilé wọn wá síbí nígbà òtútù. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ti ilé wọ àyè rẹ̀ láìkọlu òpó iná.

Òfin kan wà láàárín àwa tí à ń gbé báyìí, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀: tí o bá rí ẹni tó ń so ilé mọ́ ọkọ̀, o kò gbọdọ̀ kí i. Gba ibòmíràn kọjá. Jẹ́ kó so ó tán, kó yí i po, kó fọwọ́ kan gbogbo nǹkan kí o tó sọ pé ẹ káàárọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù yìí, Bàbá Verlin fẹ́ gbé ilé wọn lọ fún mẹ́káníìkì kan láti yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n ti ń rọ jáàkì sílẹ̀ ni mo bá wọn pẹ̀lú kọ́ọ̀pù kọfí mi. Ọ̀rọ̀ bóyá kí n kọrí sí Oregon tàbí Texas ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ mọ̀ mí, tí mo bá ti lo oṣù méjì níbì kan, ilẹ̀ ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ní: "Lowell, ṣé ẹnu rẹ kì í rẹ̀ ẹ́ ni? O ò rí i pé mo ń so ilé?"

Mo ní: "Bàbá, ẹ lọ ká wáyà iná yín. Ẹ fún mi ní píìnì yẹn, màá bá yín fi sí i."

Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń ni wọ́n lára, ni wọ́n bá gbé e lé mi lọ́wọ́. Irin kékeré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, òun ni kì í jẹ́ kí ìkọ́ tó so ilé mọ́ ọkọ̀ ta ṣí lójú ọ̀nà. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n padà dé, wọ́n yí ilé po, wọ́n fọwọ́ kan táyà, iná ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn àti ẹ̀wọ̀n méjèèjì. Wọ́n wá bi mí pé, "O ti fi sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, lákòókò yẹn, mo rò pé òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n gun ojú irin rélùwéè tó wà lẹ́yìn ọgbà, ìkọ́ náà ta ṣí. Ilé já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀wọ̀n méjèèjì dì í mú, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń wa títì lọ, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn sì ju ara rẹ̀ sínú kòtò. Ìgúnpá rẹ̀ nìkan ló bó. Mo sáré débẹ̀. Ọlọ́pàá ń bi Bàbá Verlin léèrè, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní èmi ni àwọn gbé píìnì fún. Ọlọ́pàá kọjú sí mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, píìnì náà wà níbẹ̀.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé bàbá kò fún mi ní nǹkan kan, pé ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ṣì í rò ni.

Bàbá Verlin wò mí. Wọ́n ní, "Mo rí i. Mo rí ara mi tí mo ń gbé e fún ọ."

Janelle, ọmọ wọn obìnrin, wọ bàálù wá láti Bismarck. Ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní kí wọ́n ya aago, kí wọ́n ka nọ́ńbà wálẹ̀, láti fi mọ̀ bóyá iyè wọn ti ń ra. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí gbogbo wa bá gbé àga jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ láti mu ọtí, Wendell tó ń gbé ní ojúlé kejì á pariwo pé, "Verlin, èmi rèé o, Wendell! A jọ jẹ pankéèkì láàárọ̀ yìí!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ nínú ẹ̀wà aláta tí Janelle sè, mo bu kún un.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé Janelle ti rí yàrá kan fún wọn ní ilé àwọn arúgbó ní Bismarck, àti pé tọkọtaya kan ń bọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí láti wá ra ilé onítáyà náà. N kò mọ ìdí tí mo fi dúró di àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo wọlé bá wọn. Janelle ń nu fìríìjì, bàbá ń fi ìwé ìròyìn wé àwo.

Mo gbé píìnì sórí tábìlì. Mo ní wọ́n fún mi, n kò fi sí i, mo sì parọ́ fún ọlọ́pàá.

Janelle ní: "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ̀ ń jókòó tì wá, ẹ̀ ń jẹ oúnjẹ mi, ẹ sì ń wò wọ́n báyìí! Irú èèyàn wo lẹ jẹ́ gan-an?"

Bàbá Verlin kò wo píìnì náà. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó ni?"

Mo ní, "Mọ́kàndínlógún."

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bi ọmọ mi pé ọjọ́ wo la wà lónìí kí n tó lè dá èèyàn lóhùn." Wọ́n fi àwo tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. "Jáde nínú ilé mi."

Mo jáde. Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, mo sì sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ilé ẹjọ́ lè ránṣẹ́ pè mí. Janelle pe tọkọtaya náà pé kí wọ́n má wá mọ́. Lánàá, Bàbá Verlin fi páànù lẹ imú ilé wọn tó ti fọ́. Láàárọ̀ yìí, àwọn fúnra wọn so ó, wọ́n fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Janelle wa ọkọ̀ kan tó háyà tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Èmi náà kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ kí ìyàwó pásítọ̀ tó máa ń béèrè mi.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo gbọ́ tí Wendell ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé Bàbá Verlin á lo ọ̀sẹ̀ kan ní Colorado, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ìlú yín kọjá. Pápá tó kọjú sí ilé yín ni àwọn onílé onítáyà máa ń sùn sí, kò sì sí iná níbẹ̀. Wọ́n ti bu omi kún táǹkì wọn. Òtútù yín á mú kí omi dì nínú páìpù wọn, kó sì bẹ́ ẹ mọ́jú tí wọn kò bá rí iná tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa wáyà jáde fún wọn láti inú gáréèjì yín. Ilé funfun ni, ó ní ìlà àwọ̀ ewé, páànù tuntun sì wà ní imú rẹ̀. Orúkọ ọkọ yín lẹ̀ ń jẹ́, wọn kò ní mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi yín léèrè ìdílé tí ẹ ti wá, ẹ sọ fún wọn. Tí wọ́n bá sì ká wáyà náà dá padà fún yín, ẹ gbà á.

Àbúrò yín tó ń rò yín,
Lowell Tesch.