Ìbọn Tí Talmadge Brawley Fi Gba Orúkọ Àbúrò Rẹ̀ Là

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938, ní Crabtree Hollow lórí òkè Ozark, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni Icy Brawley bí àkọ́bí ọkùnrin fún ọkọ rẹ̀, Hosea. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Talmadge. Ọmọ Asa Brawley, agégẹdú tó kọ́kọ́ dá oko sí ẹ̀bá odò wa, ni Hosea. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ìwé ìsìnkú bàbá wa yìí kì í ṣe ìwé ẹkún nìkan. Inú ń bí wa, a kò sì fi pamọ́.

Talmadge, bàbá wa, kàwé dé kíláàsì kẹjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n sì jáde ní ọdún 1952. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ wọ́n lára jù lọ, ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìyẹn ìbọn ṣakabùlà. Méjì ni Hosea ní, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà ni méjèèjì ti jáde, inú ọ̀pá wọn sì ń dán bọ̀rọ́ bí inú ìgò. Nígbà tí Hosea kú, Bàbá mú ọ̀kan. Àbúrò wọn, Denzil, tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlá jù lọ, mú ìkejì.

Ní ọdún 1959, Bàbá gbé Oneida Asberry níyàwó. Ní ọdún kejì rẹ̀ wọ́n wọ iṣẹ́ ìwakùsà òjé, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sì fi sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gòkè padà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní oríta ni wọ́n ń lọ, àwọn àti Denzil. Odò kan náà, ọjọ́ kan náà, ni wọ́n ti ri àwọn méjèèjì bọmi.

Tòlótòló igbó ni eré Bàbá. Ẹni tó mọ ọdẹ ṣe kì í yìnbọn sí ara tòlótòló. Orí àti ọrùn ló yẹ kí ọta bà, orí yẹn kò sì ju àtàǹpàkò méjì lọ. Ẹnu ṣakabùlà kò fún bíi ti ìbọn ìgbàlódé tó ń kó ọta jọ. Bó ṣe wù ú ló ń fọ́n ọn ká. Nítorí náà, láti oṣù kejì ọdọọdún, lọ́sàn-án Sátidé, Bàbá á ya orí tòlótòló sára àpò ìwé tí ìyá wa fi ra nǹkan bọ̀ lọ́jà, wọn á kàn án mọ́ igi, wọn á ka ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọn á yìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan: bóyá ẹ̀tù, bóyá ọta, bóyá ìdérí tí wọ́n ń kì sáàárín méjèèjì. Wọn á nu inú ọ̀pá mọ́ kí wọ́n tó tún kì í.

Ọdún méjì gbáko ni àárín ìwé fi ń ṣófo. Ọta á yí orí ká bí òrùka, orí fúnra rẹ̀ á wà láìfarapa. Inú ń bí Bàbá débi pé wọ́n fi àpò ìwé kan dáná. Denzil ló rí ìdí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìdérí yẹn ló ń lé ọta kiri bí ajá. Ó ti nípọn jù.”

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ojú mi ni. Ẹ̀yin ń kì í bí ẹni ń di àpò ọ̀dùnkún.”

Wọ́n yọ ìdérí onípọn náà, wọ́n fi ìwé líle pẹlẹbẹ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bu ọta kún òṣùwọ̀n idẹ, wọ́n sì dín ẹ̀tù kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọta mọ́kànlélógún bá orí àti ọrùn. Bàbá kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, ẹ̀dà kan fún ara wọn, ẹ̀dà kan fún Denzil.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1974, òjò ba ẹ̀tù Denzil jẹ́ nígbà tí àsìkò ọdẹ kù ọ̀la. Bàbá wà nínú ihò òjé. Denzil lọ sí ṣọ́ọ̀bù Clell Rudisill. Ẹ má bínú pé a kò ní fi “wọ́n” pe ọkùnrin yìí. Ìyá wa ń ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà náà, etí wọn ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

“Ọ̀gá Clell, ẹ̀tù dúdú ni mo fẹ́ o, ti ṣakabùlà.”

“Dúdú ti tán. Mú eléyìí. Ẹ̀tù ni ẹ̀tù, gbogbo wọn ló ń jó.”

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù ni ẹ̀tù. Ẹ̀tù ìbọn ìgbàlódé, tó lágbára ju dúdú lọ fíìfíì, ni ó tà fún un. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù dúdú tí a bá bu irú ẹ̀ sí, ikú ni a bù. Kò mọ̀, a lè fi ìyẹn jì í. Nígbà tó di àárọ̀, ìbọn fọ́ mọ́ Denzil lójú, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ojú títì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ohun tí Clell ṣe lẹ́yìn náà la ò jẹ́ fi jì í. Ó jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé, “Ó mutí yó ni. Ó kì í lẹ́ẹ̀mejì. Tàbí kẹ̀, ìwọ̀n tí Tal kọ fún un ló pa á.” Denzil tí kò mu ju kọfí lọ! Nígbà tí ìyá wa sọ ohun tí wọ́n gbọ́, àwọn èèyàn ní, “Ìyàwó ilé wọn ni, kí lẹ fẹ́ kó sọ?” Wọ́n sọ irọ́ Clell níbi ìsìnkú Denzil. Wọ́n sọ ọ́ nínú ọgbà ìjọ.

Ní oṣù karùn-ún, Bàbá pe gbogbo àdúgbò wá sí pápá wa. Clell náà wá, ó ká ọwọ́ gbera. Bàbá so ìbọn tiwọn, èyí tó jẹ́ ìkejì ti Denzil, mọ́ táyà katakata, wọ́n sì so okùn gígùn mọ́ ohun ìfàyìn rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kì í ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ó dún, kò sí nǹkan. Wọ́n kì í lẹ́ẹ̀mejì léra, bí ọ̀mùtí. Ìbọn fò sókè, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ kò wú, kò là. Wọ́n gbé e yí àwọn èèyàn ká kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé agolo ẹ̀tù tí Denzil rà jáde.

Ìyá wọn, Icy, di apá wọn mú. “Tal, ìbọn bàbá rẹ mà ni.”

“Màmá mi, àbúrò mi mà ni.”

Wọ́n bu òṣùwọ̀n kan péré, wọ́n fa okùn. Ọ̀pá ìbọn ṣí bí èèpo àgbàdo. Irin kan fò lọ gún ògiri abà.

Clell ní, “Ìbọn tó ti gbó ni.”

Bàbá ní, “Clell, a ki ìbọn yìí lẹ́ẹ̀mejì níṣojú ẹ, kò gbó. Ṣé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ló darúgbó?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Clell lọ sílé. Kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà, kò tọrọ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1988. Kò sí ẹnikẹ́ni tó pè é kó wá rojọ́.

Bàbá ra ṣakabùlà mìíràn ní 1976. Ìwọ̀n ìbọn kan kì í ṣe ti èkejì, nítorí náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ní gbogbo oṣù kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá ní ṣakabùlà ń gbé e wá bá wọn. Wọn á ṣí agolo ẹ̀tù rẹ̀ kí wọ́n tó kí i. Ọdún márùnlélógójì ni wọ́n fi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí ìbọn tún fọ́ pa.

Ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní ìgbà òtútù tó kọjá. Pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí ji Clell. Bàbá ní, “Mo ti dárí ji Clell láti ọjọ́ tó ti kú. Irọ́ yẹn ni ò tíì kú.” Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n dákẹ́, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn kan wá bẹ̀ wá pé kí a yọ ọ̀rọ̀ Clell kúrò nínú ìwé yìí. Ìyá wa ní, “Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń sọ tiwọn kiri. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ tẹ tèmi jáde.”

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni ìyàwó wọn, Oneida. Àwọn ọmọ wọn, Lorene, Garland àti Verna Sue. Ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo wà nísàlẹ̀ ilé ìjọ fún gbogbo yín, àwọn ọmọ Rudisill pàápàá, nítorí wọn kọ́ ló pa irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì gbà pé ọtí ló pa Denzil Brawley, kó máa gba ilé rẹ̀ lọ. A ò dáná dè é.

Talmadge, ọmọ Hosea, ẹ̀gbọ́n Denzil, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Kí ilẹ̀ òkè yìí fúyẹ́ lára yín. Ẹ sùn re.